Palliative: Ìbòjú Ni tàbí Aṣọ Ìbora?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di ti gbogbo ayé ní ilẹ̀ wa, tí àti ẹni tí ó kàwé àti ẹni tí kò kà jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ náà ni palliative. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ni ó bọ́ sí ẹnu ará ọjà. Ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà àti òróró tí ìjọba àti àwọn olówó kó jọ fún àwọn tí ebi ń pa ni a ń pè bẹ́ẹ̀, títí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó o pamọ́ sí, tí wọ́n sì rù ú lọ sílé lójú gbogbo ayé. Nígbà tí ó di ọdún 2023, tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ọ̀rọ̀ náà tún padà dé. Bí ẹ bá bi ọmọdé kan ní ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wí pé ìrẹsì ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníṣègùn ni ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ọjọ́ kan lè dé tí ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́bàá ibùsùn ìyá yín tàbí ti ọkọ yín, nígbà tí dókítà bá pe àwọn ọmọ sí kọ̀rọ̀, tí ó sì wí pé, “Níbi tí àìsàn yìí dé, ìtọ́jú palliative ni a ó máa fún Ìyá.” Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbọ́ nínú gbólóhùn yìí ni pé, “Ọ̀rọ̀ Ìyá yín ti sú wa. Ẹ máa gbé wọn lọ sílé.” Ilẹ̀ ọjọ́ náà lè má ṣú kí wọ́n tó gbé Ìyá kúrò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn kan á gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà, àwọn mìíràn á gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní òun mọ ewé tí ń pa àrùn jẹjẹrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé obìnrin náà kúrò níbi tí ìrora rẹ̀ ì bá ti rọlẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ síbi tí kò ti sí ẹni tí yóò fún un ní ohun kan tí ó lè mú un sun oorun òru kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ìtọ́jú tí kò lè wo àrùn sàn, ṣé ìtọ́jú ni í ṣe, tàbí ọgbọ́n tí a fi ń bo àìlágbára wa mọ́lẹ̀?

Ní èdè Látìnì, pallium ni wọ́n ń pe aṣọ àwọ̀lékè, aṣọ ńlá tí ènìyàn ń fi bora. Orúkọ náà kò ṣàjèjì nínú Ìjọ, nítorí pallium ni a ń pe ọ̀já funfun onírun àgùntàn tí Póòpù ń fún àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà láti gbé kọ́ ọrùn. Láti inú aṣọ yìí ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí a fi aṣọ bo nǹkan, ibẹ̀ ni palliative sì ti wá. Ẹ kíyèsí i pé ìdí méjì ni ènìyàn fi lè fi aṣọ bo nǹkan. Ó lè bò ó kí ojú má baà rí i, gẹ́gẹ́ bí onílé tí ó tẹ́ ẹní sórí ibi tí ilẹ̀ yàrá ti lu nígbà tí àlejò ń bọ̀. Ó sì lè bò ó kí òtútù má baà mú un, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí ń fa aṣọ bo ọmọ tí ibà ń ṣe. Ìtumọ̀ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà gbé wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè dàbí ohun kékeré, ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò fún ìwà rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí àwọn kan fi ń kan ìtọ́jú yìí kò ṣẹ̀yìn ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó dàbí ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Ẹ̀sùn náà sì jẹ́ òtítọ́ nígbà mìíràn. Obìnrin tí kókó yọ ní ọmú rẹ̀, tí iṣẹ́ abẹ ṣì lè yọ ọ́ kúrò, tí a wá ń fún ní oògùn ìrora lásán lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ìbòjú ni a fi bo ojú rẹ̀. Ìrẹsì ìjọba náà kò yàtọ̀, bí ẹni tí ó ń pín in bá ní agbára láti mú kí ebi kúrò nílé ẹni tí ó ń pín in fún, tí kò sì ṣe é. Ohun tí ó ń sọ aṣọ di ìbòjú ni pé ẹni tí ó fi bo egbò lè wo egbò náà sàn, ṣùgbọ́n kò fẹ́. Bí ìwòsàn bá wà, tí ọwọ́ sì lè tó o, ìwòsàn ni ẹ̀tọ́ aláìsàn. Ìgbà tí ọwọ́ gbogbo oníṣègùn kò bá tó ìwòsàn mọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà náà, ẹni tí ó bá kọ̀ láti fi aṣọ bo ẹni tí òtútù ń mú, tí ó ní òun kì í ṣe ohun tí kò bá ní í wo àrùn sàn, òun gan-an ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí àwọn oníṣègùn ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1948, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Tasma kú ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Júù ni, ará ilẹ̀ Póláńdì, kò sì sí ẹbí rẹ̀ kan nítòsí. Obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìsàn, Cicely Saunders, ni ó máa ń bẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì a sì máa sọ̀rọ̀ nípa irú ilé tí ó yẹ kí ó wà fún ẹni tí ń kú lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, ó ní kí ó fi ṣe fèrèsé nínú ilé tí yóò kọ́. Obìnrin yìí padà lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó di dókítà, nígbà tí ó sì di ọdún 1958 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé Jósẹ́fù Mímọ́ ní Hackney, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn obìnrin ilé Ọlọ́run láti ilẹ̀ Áílándì ni ó dá ilé náà sílẹ̀ ní ọdún 1905, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tálákà tí ń kú lọ níbẹ̀. Sùúrù àti ìfẹ́ wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ohun tí ó fi kún un ni ìmọ̀ bí a ti í lo oògùn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìgbà náà, aláìsàn níláti máa jẹ̀rora kí wọ́n tó fún un ní morphine. Yóò ké, yóò bẹ nọ́ọ̀sì, yóò dúró. Bí oògùn bá sì ti ń lọ lára rẹ̀, ìrora yóò tún padà bí olówó èlé. Saunders ní kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn ní àkókò tí a ti dá, kí wákàtí ìrora tó pé, ní ìwọ̀n tí ó bá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Àwọn tí wọ́n ti ń sunkún tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Ó tún kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tí ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ti owó ilé-ìwé ọmọ wà níbẹ̀, ti ìjà tí a kò tíì parí pẹ̀lú àbúrò wà níbẹ̀, ti ìbẹ̀rù ohun tí ó wà lẹ́yìn ikú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1967 ó ṣí ilé tirẹ̀, Ilé Kristófà Mímọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, fèrèsé David Tasma sì wà níbẹ̀. Dókítà ará Kánádà kan, Balfour Mount, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà palliative lò fún irú ìtọ́jú yìí ní Montreal láàárín ọdún 1970 sí 1975, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà hospice ń dún létí àwọn tí ń sọ Faransé níbẹ̀ bí ilé àwọn aláìní tí a ti pa tì. Ẹ rí i pé nítorí kí aláìsàn má baà rò pé a pa òun tì ni ó ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣeni láàánú pé ìtumọ̀ tí ó sá fún náà ni àwa fún un.

Nítorí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi yéni láti ọdún 2002 pé ó yẹ kí ìtọ́jú yìí bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù àìsàn ńlá, kí ó sì máa bá ìtọ́jú tí ń lépa ìwòsàn rìn pọ̀. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí egungun ń ro bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹni tí ń kú lọ, síbẹ̀ ó nílò ẹni tí ó mọ bí a ti í ṣẹ́gun ìrora. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ní Boston ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti tàn ká ara wọn. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ìtọ́jú palliative láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ, ìdajì kejì sì gba ìtọ́jú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ ní ìbànújẹ́ ọkàn tí ó kéré, wọn kò gba ìtọ́jú líle púpọ̀ ní òpin, síbẹ̀ wọ́n pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ: oṣù 11.6 ní ìdíwọ̀n àárín, sí 8.9. Ìwádìí kan ṣoṣo kò tó fi ṣòfin, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tí ń sọ pé dókítà tí ó dárúkọ ìtọ́jú yìí ti fẹ́ kí aláìsàn tètè kú.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Bí dókítà bá fún ẹni tí ń kú lọ ní morphine, tí ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí oògùn náà gé ọjọ́ díẹ̀ kúrò nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣé ó ti pa á ni? Àwọn dókítà apanilóorun ilẹ̀ Ítálì gbé irú ìbéèrè yìí lọ síwájú Póòpù Pius Kejìlá, ó sì dá wọn lóhùn ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ọdún 1957. Èsì rẹ̀ ni pé ó tọ́, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti fi bá ìrora náà jà, bí oògùn náà kò bá sì dí aláìsàn lọ́wọ́ láti ṣe àwọn ojúṣe rẹ̀ tí ó kù. Èyí ni pé kí a fún un láyè kí ó bá Fadá sọ̀rọ̀, kí ó pín ohun ìní rẹ̀, kí ó sì dágbére, kí oorun tó gbé e lọ.

Àwọn kan ń sọ pé àlùmọ̀kọ́rọ́yí ni èyí, pé ikú ni ikú ń jẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú dókítà méjì. Èkínní fún aláìsàn ní ìwọ̀n oògùn tí ó ń mú ìrora rọlẹ̀. Èkejì fún un ní èyí tí ó pọ̀ tó láti pa á. Bí àwọn aláìsàn méjèèjì bá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí wọ́n béèrè omi mu láìsí ìrora, inú dókítà àkọ́kọ́ yóò dùn, ṣùgbọ́n èkejì yóò padà lọ gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ohun tí ọwọ́ kan ń wá ni ìtura, ohun tí èkejì ń wá ni òkú. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lónìí tilẹ̀ ń sọ fún wa pé morphine tí a bá fi ìwọ̀n lò, tí a ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀, kì í sáábà gé ẹ̀mí kúrú.

Ìbẹ̀rù mìíràn ni pé yóò di bárakú. A mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá: a ti rí ohun tí tramadol sọ àwọn ọ̀dọ́ wa dà, a sì rántí pé ní ọdún 2018 ìjọba fi òfin de omi oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó ń gbé oògùn mì ní ìgboro nítorí ìgbádùn kò jọ bàbá arúgbó tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun rẹ̀. Àwọn olùfọkànsìn kan sì wà tí wọ́n ń sọ pé kí a jẹ́ kí aláìsàn fara da ìrora rẹ̀, kí ó fi rúbọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìrora tirẹ̀ rúbọ lè ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì ní í fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìrora ìyá rẹ kì í ṣe tìrẹ láti fi rúbọ.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1957 yẹn kan náà, Pius Kejìlá tún dáhùn ìbéèrè tí ó sún mọ́ èyí: ibo ni ó yẹ kí a bá ìwòsàn dé? Ó ní ọ̀nà ìtọ́jú tí ó wà déédéé, gẹ́gẹ́ bí ipò ènìyàn, ibi àti ìgbà ti rí, ni ó di dandan; kì í ṣe èyí tí yóò di ẹrù wúwo lé aláìsàn tàbí ẹlòmíràn lórí. Àwọn baba wa ti wí pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹbí tí ó bá ta ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tí àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, nítorí ìtọ́jú tí dókítà fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò ní í ṣe nǹkan kan, kì í ṣe pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má sì gbọ́ wa ní àgbọ́sọdì. A kò fi èyí fún ọmọ ahun ní àwáwí. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ ilé tí a kò ti rí owó oògùn ìrora fún Bàbá, ṣùgbọ́n tí a rí owó màlúù méjì, owó àgọ́ àti ti aṣọ ẹbí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe aṣọ tí a fi ń bo pósí ní pall, inú pallium yẹn náà ni wọ́n ti mú un. A ti mọ bí a ti í fi aṣọ bo òkú dáadáa.

Ohun tí ìtọ́jú yìí ń béèrè kò sì pọ̀ tó bí a ti rò. Anne Merriman, dókítà kan tí ó ti jẹ́ obìnrin ilé Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà yìí, dá ilé irú èyí sílẹ̀ ní Ùgáńdà ní ọdún 1993. Morphine tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ìyẹ̀fun ni, tí a fi omi pò, tí aláìsàn ń mu nínú ilé ara rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò sì ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ fi hàn ní ọdún 2017 pé nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 298.5 irú oògùn ìrora yìí tí a ń pín káàkiri àgbáyé lọ́dún, ìdá kan nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni ó ń dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tòṣì jù. Nítòsí wa, ẹ̀ka kan wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú yìí. Bí dókítà bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ má ṣe sá, ẹ bi í léèrè pé, “Kí ni ẹ ó ṣe nípa ìrora wọn? Kí ni ẹ ó ṣe bí èébì bá ń gbé wọn? Ta ni a ó pè ní òru?”

Ó ku ibi kan tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa sọ aṣọ ìbora di ìbòjú. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tán ní kọ̀rọ̀, wọ́n á padà sẹ́bàá ibùsùn, Ìyá á sì béèrè pé, “Kí ni dókítà wí?” Wọ́n á ní, “Wọ́n ní ẹ ó máa lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, Ìyá, ara yín ti ń yá.” Ìyá á dákẹ́. Àgbàlagbà tí ó ti sin òbí, tí ó ti sin ọkọ, mọ bí ara ti í rí nígbà tí ó bá ń tán lọ; òun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé òun gbàgbọ́, kí àwọn ọmọ má baà bọkàn jẹ́. A kò wí pé kí ẹ dá a lẹ́jọ́ ikú lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó béèrè, kí ẹ sì dáhùn ohun tí ó béèrè pẹ̀lú sùúrù, bí ẹ bá tilẹ̀ ń sunkún. Ó lè fẹ́ kí a pe àbúrò rẹ̀ tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ó lè fẹ́ kí Fadá wá fi òróró yàn án nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí ó fẹ́ sọ kò ju ẹni tí owó àjọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.